Lífà Yẹn, Má Fọwọ́ Kàn Án Mọ́

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lónìí, ọ̀rọ̀ flaps tó há ni, ìyẹn àwọn pátákó ẹ̀yìn ìyẹ́ bàálù tá a máa ń nà jáde kó lè rọra balẹ̀. Èmi àti ọ̀gá mi là ń wa bàálù. À ń bọ̀ wálẹ̀, mo fa lífà tó ń darí wọn, flaps jáde díẹ̀, ó dúró gbọnyin, ìkìlọ̀ yọ lójú sírínì. Ọ̀gá mi kàn ní, "Lífà yẹn, má fọwọ́ kàn án mọ́." Ohùn ẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ tíì, ha ha ha! Mo fẹ́ràn bàbá yẹn gan-an. A sọ fún táwà, àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀, a gbé checklist, ìwé ìgbésẹ̀ tá a gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, a ṣírò spíìdì, a sì ń yípo lókè títí a fi ṣe gbogbo ẹ̀ tán.

Ohun tó dùn mí ni pé, nígbà tá a balẹ̀ tán, èrò kan wo ojú wa, ó ní a kàn ń yípo, a fi àkókò òun ṣòfò. Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń sọ níbẹ̀ yẹn pé, "Ẹ̀ bá tún fa lífà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i." Rárá o! Tí flaps apá ọ̀tún bá jáde ju tòsì lọ, bàálù á fẹ́ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ fi ń tì í pa tí wọn ò bá dọ́gba, ṣé kí n wá bá a jìjàdù ni? "Ẹ̀ bá balẹ̀ kíá." Síbo? Tí flaps ò bá jáde tán, eré tá a máa fi balẹ̀ á pọ̀ sí i, runway, ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé, tá a nílò á gùn sí i, a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán bàálù wò lókè, níbi tí àyè wà, ká mọ̀ bóyá á ṣì gbọ́ràn sí wa lọ́wọ́ lórí eré yẹn.

Ẹ dákẹ́ ná. Ní oṣù kẹta 2023, bàálù kékeré kan, Challenger 300, gbéra ní Keene, New Hampshire, l'Amẹ́ríkà. Ìkìlọ̀ trim, ohun tó ń mú imú bàálù dúró síbi tá a fẹ́, yọ, wọ́n ń bá checklist lọ, wọ́n fi bọ́tìnnì kan pa trim, autopilot, ẹ̀rọ tó ń bá wa wa bàálù, jáwọ́, imú bàálù sì ṣàdédé gbé sókè, ó já wálẹ̀, ó tún gbé sókè, agbára ẹ̀ ju 4 g lọ, bíi kí ara èèyàn wúwo ní ìlọ́po mẹ́rin. Wọ́n yà balẹ̀ ní Connecticut. Èrò kan kú. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo o! Autopilot lè máa di ẹrù kan mú tíwọ ò mọ̀, ọjọ́ tó bá jáwọ́, ọwọ́ ẹ ló máa bọ́ sí.

"Epo ńkọ́?" Epo wa tó. Ká ní kò tó ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, torí flaps tó há síta ń fa bàálù sẹ́yìn, epo á sì máa lọ kíákíá, ibi tẹ́ ẹ lè dé á dínkù. Ìyẹn á di ọjọ́ mìíràn.