Tí Ẹ Bá Kírun Tán, Ẹ Fọ́n Ká Sórí Ilẹ̀

Às-sàlámù àlékúmù wàràmọ́túlááhì wàbàràkáátùhú. Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ẹ kú Jímọ̀ òní. Kí Ọlọ́hun gba ìrun wa, kó sì forí jin àwọn òkú wa.

Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń kọ èyí, lọ́nà ọjà Akẹ̀sán níbí ní Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé tí mo bá ti kúrò ní ilé-kéwú, ìdí maṣíìnì ni mo ń lọ. Ní Àtàláátà tó kọjá, ọmọ oníbàárà mi kan wá gba ṣòkòtò bàbá rẹ̀. Ọmọ náà ti jáde yunifásítì, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó sì ti lé lọ́dún kan tó ti wà nílé. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Àáfà, ẹ bá mi ṣàdúà. Iṣẹ́ tó nítumọ̀ ni mo ń wá o. Mi ò fẹ́ ṣe iṣẹ́kíṣẹ́." Mo bi í pé èwo ni iṣẹ́kíṣẹ́. Ó wò mí, ó wo maṣíìnì, ló bá dorí kodò. Ẹ̀rín pa mí. Ọmọ yẹn ò bú mi, ohun tí gbogbo wa fi tọ́ ọ dàgbà ló sọ.

Mi ò rí i dá lóhùn tán lọ́jọ́ náà, oníbàárà pọ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn níbí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́.

Ẹ wo Súrátùl Jímọ̀, orí 62 nínú Àlùkùráánì. Ẹsẹ̀ 9 ní tí wọ́n bá pe ìrun lọ́jọ́ Jímọ̀, ká yára lọ síbi ìrántí Ọlọ́hun, ká fi káràkátà sílẹ̀. Èyí ò ṣòro fún wa láti rántí, òun la fi ń bá àwọn tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí jà. Ẹsẹ̀ 10 tó tẹ̀ lé e la máa ń sáré kọjá: Fa idhā quḍiyatiṣ-ṣalātu fantashirū fil-arḍi wabtaghū min faḍlillāh. Tí ẹ bá kírun tán, ẹ fọ́n ká sórí ilẹ̀, kí ẹ máa wá nínú oore Ọlọ́hun, kí ẹ sì máa rántí Ọlọ́hun lọ́pọ̀lọpọ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé ìyọ̀ǹda ni "ẹ fọ́n ká" yẹn, pé kì í ṣe dandan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orúkọ tí Ọlọ́hun fún ohun tí a fẹ́ padà lọ wá lọ́jà. Oore Òun ló pè é. Ọba tó ní kí o ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ló tún ní kí o lọ ṣí i, kí o sì gbé ìrántí Òun dání wọ ibẹ̀.

Ẹ wá wo Ànábì Dáúdà. Ọba ni, òjíṣẹ́ ni, Ọlọ́hun sọ ìwé Sàbúrà kalẹ̀ fún un. Síbẹ̀ ó wà nínú hádíìsì Bukhari pé inú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ti ń jẹun, Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì fi kún un pé kò sí oúnjẹ kankan tí ẹnikẹ́ni jẹ rí tó dára ju èyí tó ti ọwọ́ ara ẹni wá. Iṣẹ́ irin ni Dáúdà ń ṣe. Nínú Súrátù Sábáà, orí 34, ẹsẹ̀ 11, Ọlọ́hun sọ fún un pé kó ṣe ẹ̀wù irin tó bo ara dáadáa, kó sì wọn ìsolù òrùka rẹ̀: wa qaddir fis-sard. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, bóyá torí pé téèpù ló máa ń wà lọ́rùn tèmi náà. Àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ ní kí ìṣó má tóbi débi tí yóò fi la òrùka, kó má sì tín-ín-rín débi tí yóò fi máa mì. Ọba tó dá sánmọ̀ méje ló ń bá Ànábì Rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìṣó! Nínú ẹsẹ̀ kan náà, láì tíì mí, Ó ní "kí ẹ sì máa ṣe iṣẹ́ rere."

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti bá ẹsẹ̀ yẹn jà rí. Lọ́dún Iléyá kan, mo gba aṣọ ju agbára mi lọ. Bàbá àgbàlagbà kan gbé agbádá wá, gbogbo ìgbà tó bá sì dé ni mo ń sọ fún un pé, "Bàbá, bọ́tìnì ló kù." Bọ́tìnì kẹ̀? Mi ò tíì gé aṣọ ọ̀hún! Aṣọ àtijọ́ ni bàbá wọ̀ lọ sí Yídì. Nígbà tí mo wá bẹ̀ ẹ́, kò bú mi, ó kàn ní, "Ọlọ́hun á fún ẹ lókun." Ì bá sàn kó gbá mi létí. Ọdún yẹn ni mo pa owó jù lọ láti ìgbà tí mo ti gba òmìnira iṣẹ́, òun náà sì ni ọdún tí iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ sú mi. Maṣíìnì kan náà ni o, ọwọ́ kan náà. A mọ hádíìsì àmì mẹ́ta tí a fi ń dá munáfíkì, ìyẹn alágàbàgebè, mọ̀: tó bá sọ̀rọ̀, á purọ́, tó bá ṣèlérí, á yẹ̀ ẹ́, tí a bá fọkàn tán an, á dalẹ̀. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni mo fi kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Nítorí náà, àbúrò mi, tí o bá ń wá iṣẹ́ tó nítumọ̀, má wo orúkọ iṣẹ́ nìkan. Béèrè ẹni tí yóò sùn dáadáa torí pé o ṣiṣẹ́ lónìí.

Ànábì sọ fún àwọn ìyàwó rẹ̀ pé èyí tí ọwọ́ rẹ̀ gùn jù nínú wọn ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀lé òun. Àwọn ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í wọn apá. Sáínábù ọmọ Jahsh ló kọ́kọ́ kú lẹ́yìn rẹ̀, ní ọdún 20 Híjírà, ìgbà yẹn ni ó tó yé wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ló gùn jù, gẹ́gẹ́ bí Àíṣà ṣe sọ, torí pé ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó sì ń fi ṣe sàárà. Iṣẹ́ awọ ni wọ́n ní ó ń ṣe, ó ń ṣe awọ, ó ń rán an. Ìyàwó Ànábì! Àwa tí a wà ní Ọ̀yọ́, tí a mọ àwọn tó ń rán tìmùtìmù àti àpò awọ, tí a mọ àwọn tó ń fín igbá, a máa ń fi wọ́n yangàn fún àlejò. "Ajíṣebí Ọ̀yọ́ là á rí." Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló lè mú ọmọ rẹ̀ tó jáde yunifásítì lọ jókòó tì wọ́n fún oṣù kan?

Mi ò sọ pé kí ẹni tó kàwé wá di télọ̀ o. Kí ẹnì kan máa wá iṣẹ́ tí owó rẹ̀ sàn jù, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó sì ń gbéṣẹ́ fúnni, tó ń jẹ oṣù òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀, kó má fi wáàsí yìí bo ara. Kí òógùn òṣìṣẹ́ tó gbẹ ni Ànábì ní ká san owó rẹ̀. Ní ti iṣẹ́ tí ènìyàn kò lè ṣe Bìsìmílááhì sí, tí wọ́n ń fi fóònù jí owó olówó, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n.

Hádíìsì kan wà tí Sayyidina Àlíyù gbà wá. Níbi ìsìnkú kan ni, ní Baqīʿ, ibi ìsìnkú àwọn ará Mẹ̀dínà, tí Ànábì ń fi igi fa ilẹ̀. Ó ní: Iʿmalū, fa kullun muyassarun limā khuliqa lah. Ẹ máa ṣiṣẹ́, ohun tí a tìtorí rẹ̀ dá kálukú ni a ti ṣe ní ìrọ̀rùn fún un. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ kádàrá ló bí i, ṣùgbọ́n mo máa ń ronú kàn án tí mo bá ń wo àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ẹ ò rí i pé "ẹ máa ṣiṣẹ́" ló ṣáájú? Ẹni tó dúró sójú kan ò lè mọ ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ọmọ ọjọ́ Àtàláátà yẹn lo bíi wákàtí kan lọ́dọ̀ mi. Ọmọ iṣẹ́ mi kan wà tí mo ti bá wí títí lórí ìdá àti ìdajì, tí kì í mọ bí a ṣe ń pín aṣọ sí mẹ́rin. Ọmọkùnrin yìí ṣa àjákù aṣọ nílẹ̀, ó ká a, ó tú u, ó tún un ká, ó ń bá a ṣeré. Kí n tó rán apá kan tán, ọmọ iṣẹ́ mi ti ń gé e bó ṣe yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kọ́ ọ tún padà sórí àpótí, ó ń sọ fún mi pé òun ò tíì rí nǹkan ṣe.

Àbúrò mi, tí o bá ka èyí, àwọn ọmọ ilé-kéwú wa ń fẹ́ ẹni tí yóò máa kọ́ wọn ní ìṣirò láàárín Àlàásárì sí Màgàríbà. Owó ibẹ̀ ò tó nǹkan, mi ò ní purọ́ fún ọ. O lè máa wá iṣẹ́ mìíràn láàárọ̀.

Kí Ọlọ́hun la ọ̀nà hàláàlì fún gbogbo wa. Ẹ jẹ́ kí n dá a dúró síbí, agbádá kan wà lórí maṣíìnì tí mo ní kí olówó rẹ̀ wá gbà lẹ́yìn Jímọ̀ òní. Ọrùn rẹ̀ ló kù. Lóòótọ́ ni o, ọrùn nìkan.