Òtútù Ṣáínà: Bí Àwọn Ará Ibẹ̀ Ṣe Ń Jẹ, Bí Wọ́n Ṣe Ń Sùn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń múra àtilọ kàwé ní Ṣáínà. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣẹgbẹ́ ọyẹ́ tá a mọ̀ nílé o. Ní Harbin lóṣù January ó lè já dé -30°C, odò Songhua á dì gbagidi, àwọn èèyàn á máa rìn lórí ẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń lọ sí Wuhan ni mo tiẹ̀ ń ṣàníyàn fún jù, torí ní Beijing wọ́n máa ń tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru fún gbogbo àdúgbò láti 15 November sí 15 March, ṣùgbọ́n téèyàn bá ti kọjá odò Huai sápá gúúsù, ìyẹn ò wọ́pọ̀ mọ́, apá ibẹ̀ sì ni Wuhan wà, inú yàrá gan-an lòtútù ti máa bá yín.

Ìwé ìṣègùn wọn àtijọ́, Huangdi Neijing, sọ pé oṣù mẹ́ta òtútù, ìgbà ìpamọ́ ni. Kéèyàn tètè sùn, kó má tètè jí, kó dúró de oòrùn, kó wà níbi tó móoru, kó má sì máa làágùn ṣáá. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nìyẹn. Bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sí àká lẹ ṣe máa kó agbára yín pamọ́, ẹni tó bá ń kàwé di aago méjì òru lójoojúmọ́ nígbà òtútù, àká ẹ̀ ló ń tú un.

Kíndìnrín ni wọ́n gbà pé ó ni ìgbà yẹn, kì í ṣe èyí tí dókítà ń wò ní skáànù nìkan o, agbára tí wọ́n bí mọ́ni ni wọ́n ń fi pè. Àwọ̀ dúdú ni tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ yánmọtí dúdú àti ẹ̀wà dúdú. Wọ́n tún ń se ọbẹ̀ ẹran àgùntàn pẹ̀lú atalẹ̀ àti egbòogi danggui, Zhang Zhongjing, oníṣègùn wọn àtijọ́ kan, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn. Ìtàn wọn sọ pé òun náà ló rí àwọn tálákà tí òtútù ti jẹ etí wọn ní Nanyang, ló bá gé ẹran àgùntàn àti egbòogi wẹ́wẹ́, ó fi ìyẹ̀fun wé e bí etí, ìyẹn ni jiaozi táwọn ará àríwá ń jẹ ní 21 tàbí 22 December, ọjọ́ tí ojúmọmọ kúrú jù lọ́dún.

Lálẹ́, wọ́n máa ń ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná kí wọ́n tó sùn. Ó dáa gan-an, mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kó jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ wo omi náà kọ́kọ́, torí ẹsẹ̀ ẹ̀ lè má mọ̀ pé ó ti ń jó.

Ẹ̀rù egbòogi tó wà nínú páálí ló ń bà mí. Mi ò kẹ́gàn wọn o, ewé qinghao ni Tu Youyou, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ṣáínà, ti rí oògùn ibà tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 2015, òun náà la sì ń lò nílé báyìí. Ṣùgbọ́n èyí tó ní aristolochic acid nínú, ìyẹn májèlé kan tó máa ń wà nínú àwọn egbòogi kan, ti ba kíndìnrín ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ́ ní Belgium, danggui fúnra ẹ̀, tó bá pàdé warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà. Torí náà, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá ń lò, ẹ jẹ́ kí ẹni tó tà á fún yín kọ orúkọ ẹ̀ sí bébà ní lẹ́tà Ṣáínà, kẹ́ ẹ fi í sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé ọsibítù ẹ gbé e fún dókítà kó tó kọ oògùn kankan fún yín.