Ẹsẹ̀ Mefiboṣẹti Kò Sàn Kó Tó Jókòó

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ abirùn tí mo ṣe ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, fún àwọn olùkọ́ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi àti àwọn òbí nìyí. Mo gé e kúrú díẹ̀ níbi tó gùn jù.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká ṣí Sámúẹ́lì Kejì, orí 9. Ẹ mọ ìtàn náà. Alágbàtọ́ gbé Mefiboṣẹti, ọmọ Jónátánì, sá nígbà ogun, ọmọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Nígbà tó dàgbà, Dáfídì ránṣẹ́ pè é pé kó wá máa bá òun jẹun. Ẹ wá ka ẹsẹ tó kẹ́yìn orí náà dáadáa. Ó ní Mefiboṣẹti ń jẹun nídìí tábìlì ọba nígbà gbogbo, ó sì fi kún un pé ó yarọ ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Orí náà parí, ẹsẹ̀ kò sàn. Ọba kò ní kó lọ gba ìwòsàn ná kó tó wá jókòó.

Mo mọ̀ pé àwọn oníwàásù kan kò ní fẹ́ gbọ́ èyí. Wọ́n á gbé ọmọ arọ síwájú pẹpẹ nígbà ìsọjí, wọ́n á gbàdúrà lé e lórí. Bí kò bá dìde, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ ni kò nígbàgbọ́. Tó bá di ọjọ́ Ajé, kò sí ìkankan nínú wọn tí yóò béèrè pé kíláàsì wo lọmọ náà wà. Mo gbà pé Olúwa ń woni sàn. Ohun tí mo kọ̀ ni pé ká sọ ìwòsàn di owó ìwọlé sí ilé-ìwé.

Ẹ wo Mósè náà. Ó ní ẹnu òun wúwo. Ọlọ́run bi í pé ta ló dá ẹnu ènìyàn, ta ló dá odi, adití, aríran àti afọ́jú. Síbẹ̀ kò tún ahọ́n rẹ̀ ṣe. Áárónì ló fún un, kó máa ṣe agbẹnusọ rẹ̀. Ohun tí òbí ọmọ afọ́jú ń bẹ̀bẹ̀ fún ní kíláàsì CI, kíláàsì àkọ́kọ́ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nìyẹn: ẹni tí yóò máa ka ohun tó wà lára pátákó fún ọmọ rẹ̀, àti ìwé Braille tó lè fọwọ́ kà. Louis Braille fúnra rẹ̀, afọ́jú ni, ọmọ ilé-ìwé ló sì wà nígbà tó gbé ìlànà náà kalẹ̀.

Àwọn baba wa ń pe arọ, abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà, èèwọ̀ sì ni kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ìtìjú gbáà ni fún Kristẹni tó ní òun mọ Ẹlẹ́dàá bí ọ̀wọ̀ tirẹ̀ bá kéré sí ti wọn.

Mo fẹ́ bọ́ sórí òfin nígbà tí ìyá kan nawọ́ sókè. Ó ní: “Olùkọ́, ọmọ mi kò gbọ́ràn. Wọ́n ní kí n mú un lọ sílé-ìwé àwọn adití ní Louho, l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo). Bó bá kàwé tán tó padà wálé, ta ni yóò bá sọ̀rọ̀?”

Ìbéèrè yẹn ló gba ìyókù àkókò wa, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Màmá, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Gbogbo ìgbà tí a bá sọ̀rọ̀ adití, òun la máa ń retí pé kó kọ́ nǹkan. Àwa tí à ń gbọ́ràn ńkọ́? Ọmọ ọdún 11 ni Andrew Foster, adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, nígbà tí àìsàn sọ ọ́ di adití. Ó gboyè ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Amẹ́ríkà, ní 1954. Ní 1957 ó gbé ìhìnrere dé Ghana, ó sì dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ n'Íbàdàn àti láwọn ìlú mìíràn káàkiri Áfíríkà, ilé-ìwé rẹ̀ sì lé ní 30 kí bàálù tó já ní 1987, tó sì gbẹ́mìí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èdè ọwọ́ tí àwọn adití wa ń sọ ní Benin ti ṣẹ̀ wá. Èdè ti wà nílẹ̀. Àwa la kò kọ́ ọ. Ní Louho, ọmọ tó ń gbọ́ràn àti adití jọ ń kàwé pọ̀ ni. Bí ìyá bá kọ́ èdè ọwọ́ náà, tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kọ́ ọ, tí olùkọ́ ìjọ mẹ́ta péré kọ́ ọ, ọmọ náà kò ní di àlejò nílé bàbá rẹ̀.

Bàbá kan ní kíláàsì àwọn ti kún jù. Òótọ́ ni, àmọ́ ọmọ adití kọ́ ló kún un. Ẹ bá àwọn tí kò gba olùkọ́ tó wí.

Àkókò ti lọ, ẹ gba ti òfin ní kíákíá. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa Benin ti 1990, abala 8, ní mímọ́ ni ènìyàn. Abala 13 ní dandan ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òfin 2017-06, tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn abirùn, jáde ní 29 oṣù Kẹsàn-án 2017. Ará wa ní ìjọ Sẹ̀lẹ́ kò ní gbàgbé ọjọ́ yẹn, nítorí 29 oṣù Kẹsàn-án 1947 ni ìjọ wọn bẹ̀rẹ̀ l'Ájàṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá lé ọmọ padà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí àwọn tó ń pín ìrẹsì fún abirùn nígbà Kérésìmesì gbọ́: a dúpẹ́ ìrẹsì, àmọ́ ẹ tún bá wa wò ó bóyá orúkọ ọmọ náà wà nínú rẹ́jísítà. Mi ò ráyè kan ti CEP, ìdánwò ìparí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, fún afọ́jú, àti ti àtẹ̀gùn ilé-ìjọsìn tí arọ kò lè gùn.

Kí a tó túká, ìyá yẹn tún béèrè pé ta ni yóò kọ́ àwọn ní èdè ọwọ́. Mo ní kí ìjọ wá adití tó ti jáde ilé-ìwé, kó di olùkọ́ wa, kí àwa tí à ń gbọ́ràn jókòó síwájú rẹ̀, kí a sì máa san owó iṣẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù bí a ti ń san ti onídùùrù.