Ìwúwo Ló Mú Oòrùn Gbóná

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé oòrùn jẹ́ iná ńlá kan tó ń jó lójú ọ̀run. Kì í ṣe iná rárá. Ká ní èédú ni oòrùn, tó sì ń jó bí èédú ṣe ń jó, kì bá ti pé nǹkan bí 5,000 ọdún tí yóò fi di eérú. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó bílíọ̀nù ọdún 4.6.

Ìwúwo rẹ̀ ló mú un gbóná. Oòrùn wúwo ju ayé wa lọ ní ìlọ́po 330,000. Nígbà tí gáàsì tó di oòrùn ń wó lu ara rẹ̀, ó fún ara rẹ̀ pọ̀ títí ó fi gbóná janjan. Lónìí, ojú rẹ̀ gbóná tó 5,500 lórí ìwọ̀n Celsius, àárín gbùngbùn rẹ̀ tó mílíọ̀nù 15.

Lord Kelvin, onímọ̀ físíìsì ilẹ̀ Britain, mọ èyí láyé àtijọ́. Ó rò pé ìfúnpọ̀ náà nìkan ló ń bọ́ oòrùn, ó sì sọ ní 1862 pé ó jọ pé oòrùn kò tíì ràn fún 100 mílíọ̀nù ọdún. Àwọn tó ń ka ọjọ́ orí àpáta kò gbà fún un. Àwọn ló jàre.

Ohun tí Kelvin kò lè mọ̀ nígbà náà ni ohun tó ń dí àlàfo ooru tó ń jáde. Ní àárín oòrùn, ẹyọ gáàsì háídrójìn mẹ́rin ń dà pọ̀ di ẹyọ gáàsì hílíọ̀mù kan. Hílíọ̀mù yìí fi nǹkan bí ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún fúyẹ́ ju mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, ìwọ̀n tó dín náà ló di agbára. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù mẹ́rin ń lọ bẹ́ẹ̀. Arthur Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀ ilẹ̀ Britain, dá a lábàá ní 1920. Hans Bethe, onímọ̀ físíìsì, to ìgbésẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ní 1939. Láàárín wọn ni ọ̀dọ́bìnrin onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Cecilia Payne, fi hàn, ní 1925, pé háídrójìn ló pọ̀ jù nínú ìràwọ̀. Àgbà ọ̀mọ̀wé Henry Norris Russell ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin náà sì rọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú ìwé. Ní 1929, Russell fúnra rẹ̀ gbà. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ẹ má sì rò pé iṣẹ́ náà yá. Háídrójìn kan lè dúró ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ọdún kó tó rí ẹnìkejì dà pọ̀ mọ́. Kílò kan lára ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí ń mú ooru jáde ju kílò kan oòrùn lọ, ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún! Títóbi rẹ̀ ni a ń jìyà rẹ̀ lọ́sàn-án. Bí ìdàpọ̀ bá fẹ́ yá jù, àárín rẹ̀ á wú, á tutù díẹ̀, ìdàpọ̀ á sì rọlẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi bú gbàmù.

Ọmọkùnrin kan béèrè pé, “Ẹ̀yin sà, ta ló débẹ̀ tó fi mọ̀?” Ìbéèrè gidi. Ìdàpọ̀ náà ń tú neutrino jáde, ohun tíntìntín tó ń la inú oòrùn kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Raymond Davis, gbé táńkì sí ìsàlẹ̀ ibi ìwakùsà kan ní South Dakota, ní Amẹ́ríkà, láti fi mú wọn, àmọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ìṣirò sọ ló rí. Ní 2001 sí 2002, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń wá neutrino ní Sudbury, ní Kánádà, rí i pé àwọn yòókù ti pa irú dà lójú ọ̀nà. Wọ́n kà wọ́n pọ̀, iye náà sì pé.