Ta Ló Ní Kí Wọ́n Tú Àṣírí Pẹ́ńsù?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ohùn mi, ẹ má bínú. Kàbbà ni mo wà, kì í ṣe Manchester. Iná ti lọ láti àárọ̀, mi ò sì lè ní kí ará ilé kejì pa tiẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ bá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun sọ̀rọ̀.

Ìwé ńláńlá kan wà tí mo máa ń kó jọ. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ó pẹ́ tí mo ti ń sún un síwájú, torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní, àgbàlagbà bíi tìẹ ló ṣì ń ra kọ́míìkì? Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni.

Kì í kúkú ṣe kọ́míìkì tí ọmọdé ń ká sápò. Artist's Edition ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ IDW ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé e jáde lábẹ́ orúkọ yẹn ní 2010. Olóòtú kan tó ń jẹ́ Scott Dunbier ló wà nídìí rẹ̀, kọ́míìkì The Rocketeer tí Dave Stevens yà ni wọ́n sì fi ṣíde. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ó tà ni àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn, oníkálukú pẹ̀lú orúkọ tó fún un.

Kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé yín, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe kọ́míìkì kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ìwé tí ẹ ń rà lọ́jà kéré gan-an sí àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà. Láti nǹkan bí 1967, páálí tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà jẹ́ ínǹṣì 11 ní ìbú, 17 ní gígùn; ṣáájú ìgbà yẹn, ó tún tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan á fi pẹ́ńsù yà á. Ẹlòmíràn á fi rúlà fa ìlà síbi tí ọ̀rọ̀ máa wà, á fọwọ́ kọ lẹ́tà sí i. Ẹni kẹta á gbé búrọ́ọ̀ṣì, á fi íǹkì dúdú tọ ojú pẹ́ńsù. Níbi tí ọwọ́ bá ti yẹ̀, ọ̀dà funfun ni wọ́n á fi bò ó. Bí olóòtú bá yí ọ̀rọ̀ kan padà, wọ́n á gé bébà, wọ́n á kọ èyí tuntun sí i, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ti àkọ́kọ́. Pẹ́ńsù búlúù tó fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń kọ nǹkan tí wọn ò fẹ́ kó hàn, nítorí pé kámẹ́rà ilé ìtẹ̀wé kì í rí búlúù yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ya páálí ní fọ́tò, wọ́n á dín in kù, gbogbo wàhálà yẹn á sì pòórá. Ìlà dúdú tó mọ́ rekete nìkan ló máa kù. Àwọ̀ pupa àti yẹ́lò tí ẹ ń rí, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn.

Ìwé tí mo ń kó jọ yìí, páálí gan-an ni wọ́n padà lọ bá. Bó ṣe tóbi ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé íǹkì dúdú lórí bébà funfun ni, wọ́n á yà á ní fọ́tò pẹ̀lú gbogbo àwọ̀ tó wà lára rẹ̀. Nítorí náà ẹ máa rí bébà tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, pẹ́ńsù tí ẹnikẹ́ni ò rántí pa rẹ́, ọ̀dà funfun tó nípọn, ojú gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ, àti búlúù tí kámẹ́rà àtijọ́ kò rí.

Àwọn kan ní fáàrí lásán ni títóbi ìwé náà. Mi ò gbà fún wọn. Èèyàn tó bá fa ìlà gígùn kan láti òkè páálí dé ìsàlẹ̀, èjìká rẹ̀ wà nínú ìlà yẹn. Èyí tó yà ní ìwọ̀n èékánná, ìka ló fi yà á. Bí ẹ bá dín méjèèjì kù sí ìdajì, àwòrán ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti èjìká mọ́.

Ó wọ́n, mi ò ní purọ́. Iye rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là, èyí tó bá sì ti tán lọ́jà, àwọn alárọ̀ọ́bọ̀ á gbówó lé e bó ṣe wù wọ́n. Kò sí pẹpẹ ìwé tó gbà á nílé wa, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé. Ìyàwó mi ti sọ tẹnu rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní tún un sọ fún yín.

Nígbà tí mo ń bọ̀ nílé lọ́tẹ̀ yìí, mo yọ aṣọ kúrò nínú báàgì kí ọ̀kan nínú wọn lè wọlé. Èyí tí Walter Simonson yà nípa Thor, akọni inú kọ́míìkì kan, ni; ó jáde ní 2011. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mo gbé e wá fún pé kí wọ́n wò ó.

Àtíìsì ni bàbá yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá dàgbà ní apá ibí, láti Kàbbà títí dé Mọ̀pà, ẹ̀ẹ́ ti rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn láìmọ̀: pátákó onígbàjámọ̀, pátákó télọ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì lára ògiri, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Fulẹ́ẹ̀sì ló gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Kọ̀ǹpútà á tẹ̀ ẹ́ láàárín wákàtí kan, fọ́tò oníbàárà á wà lójú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún máa dúró kí ọ̀dà gbẹ.

Wọ́n fọ ọwọ́ kí wọ́n tó ṣí ìwé náà. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Wọ́n rí Beta Ray Bill, ẹni tí ojú rẹ̀ gùn bíi ti ẹṣin, tí Simonson mú wọ inú ìtàn náà ní 1983. Wọ́n ní, kí ló ṣe eléyìí lójú? Mo ṣàlàyé pé òun àti Thor ń du òòlù kan tó ń sán àrá. Wọ́n ní, "Ṣàngó tiwọn nìyẹn." Wọ́n bá ṣí i kọjá.

Ọ̀rọ̀ ìtàn ò kàn wọ́n. Ìdí lẹ́tà ni wọ́n dúró sí. John Workman ló kọ lẹ́tà ìwé yẹn, ọ̀gá gbáà sì ni. Bàbá yọ dígí, wọ́n tún un fi sójú, wọ́n tẹ orí ba. "Wo ìlà tó fà kó tó kọ̀wé. Pẹ́ńsù tó le ló lò, kò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó kọ èyí kì í ṣe ọmọdé." Wọ́n fi èékánná ha ibi tí ọ̀dà funfun wà, wọ́n rò pé ó máa ga lọ́wọ́. Bébà pẹrẹsẹ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn òyìnbó yìí mà lè tanni o.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Ẹni tó yà á, ṣé ó mọ̀ pé wọ́n fi gbogbo èyí han ayé?"

Mo ní ó mọ̀. Simonson wà láyé.

"Àwọn tó ti kú ńkọ́?"

Mo fẹ́ dáhùn kíákíá, torí mo ti rò pé mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nídìí ìwé yìí. Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. "Nídìí iṣẹ́ tiwa, oníbàárà kì í rí pẹ́ńsù. Bó bá rí i, ó máa bu owó rẹ. Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kí wọ́n tú àṣírí ọkùnrin yẹn?"

Ẹ jẹ́ kí n gbé e yẹ̀ wò pẹ̀lú yín. Dave Stevens kú ní 2008, ọdún méjì kí ìwé ńlá tirẹ̀ tó jáde. Wally Wood, ayàwòrán kọ́míìkì mìíràn, kú ní 1981. Iṣẹ́ tó ṣe fún EC, ilé iṣẹ́ kọ́míìkì kan ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1950 sí nǹkan bí 1955 wà nínú irú ìwé yìí, ó tilẹ̀ tóbi ju ti Simonson lọ, nítorí páálí ńláńlá ni wọ́n ń lò nígbà ayé wọn. Ìdí kan ṣoṣo tí a fi rí i ni pé William Gaines tó ni EC kó gbogbo páálí pamọ́ dípò kó dà á nù. Àwọn yòókù ò ṣe bẹ́ẹ̀. Níbòmíràn, bí wọ́n bá ti tẹ kọ́míìkì tán, páálí di pàǹtí. Wọ́n á fi ta èèyàn lọ́rẹ, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, tàbí kí àwọn kan jí i lọ tà. Jack Kirby tó bá ilé iṣẹ́ kọ́míìkì Marvel dá ìdajì àwọn akọni wọn sílẹ̀ jà títí kí wọ́n tó dá páálí rẹ̀ padà. Nǹkan bí 2,000 ojú ìwé ló rí gbà ní 1987, ohun tó yà fún wọn sì pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Nítorí náà, èmi ò rí àwọn tó ń da páálí nù gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń bo àṣírí ayàwòrán. Owó ni wọ́n ń wò. Síbẹ̀ ìyẹn ò dáhùn ìbéèrè bàbá. Àwa tí a ń kó ìwé yìí jọ, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, àbùkù gan-an la ń wá. Ojú ìwé tó bá mọ́ jù, ṣe la máa ń ṣí i kọjá. Èyí tí wọ́n ti fi ọ̀dà funfun bo ojú obìnrin kan kí wọ́n tó tún un yà, òun la máa ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ara wa. Wood fi ọ̀dà bò ó torí kò fẹ́ kí á rí i. Àwa wá sanwó kí á lè rí i.

Ibi tí mo dúró sí ni pé ọ̀dà funfun yẹn náà wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ó yan nǹkan kan, ó sì kọ èkejì. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ nílò rẹ̀ ju àwòrán tó ti parí lọ. Bàbá ní bó bá jẹ́ torí ọmọṣẹ́ ni, kí ọmọṣẹ́ wá jókòó ti ọ̀gá.

Ohun kan tún ń dùn mí nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní àárín àwọn ọdún 1970, kọ́míìkì kan wà tó ń jẹ́ Powerman. Nàìjíríà ni wọ́n ṣe é fún. Alágbára ọkùnrin dúdú ni, ejò nìkan ló lè borí rẹ̀. Ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti ń yà á, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ló sì ń yà á: Brian Bolland àti Dave Gibbons. Gibbons yìí náà ló wá ya kọ́míìkì Watchmen ní 1986 sí 1987, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ lẹ́tà inú rẹ̀. IDW ti ṣe ìwé ńlá tiẹ̀, àmọ́ Artifact Edition ni wọ́n pè é, torí páálí rẹ̀ ti fọ́n káàkiri ọwọ́ àwọn olówó, wọn ò rí gbogbo rẹ̀ kó jọ.

Ó dáa. Ẹni tó jókòó sílùú Òyìnbó tó ń yà fún wa, ọwọ́ rẹ̀ ti wọ ìwé ńlá. Akinọlá Láṣẹ́kàn tó ń fi àwòrán bú ìjọba amúnisìn nínú ìwé ìròyìn West African Pilot ńkọ́? Josy Ajíbóyè ti Daily Times ńkọ́? Àwọn tó yà fún Ikebe Super tí Wálé Adénúgà dá sílẹ̀ ní 1976 ńkọ́? Ní Ògìdì, tí kò jìnnà sí ibi tí mo jókòó sí yìí, Nike Davies-Okundaye, gbajúmọ̀ aláṣọ àdìrẹ, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ nílùú bàbá rẹ̀, nítorí náà aṣọ ti ní alágbàtọ́. Bébà ni ò ní. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ Láṣẹ́kàn ní ìwọ̀n tó yà á gan-an, màá rà á kí n tó ra Batman kankan.

Mo sọ èyí fún bàbá, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Páálí Índómì kan ni wọ́n gbé jáde. Ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé-ìwé ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n fi bíléèdì gé sára káádíbọ́ọ̀dù: orí onígbàjámọ̀ lóríṣiríṣi, màlúù fún alápatà, áńgẹ́lì fún ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ ọjọ́ ayé wọn ni. Àwọn pátákó náà ti lọ, wọ́n ti kun òmíràn lé wọn lórí.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yà á ní fọ́tò, bó ṣe tóbi gan-an, pẹ̀lú gbogbo àwọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kò burú, kí n fún àwọn ní ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn kọ́kọ́ fi báírò tún àwọn ibi tí kò dáa ṣe. Mo pariwo. Àwọn náà pariwo. Màmá mi yọjú láti ilé ìdáná, wọ́n bi wá pé kí ló ń ṣẹlẹ̀.

Àdéhùn tí a ṣe nìyí. Àwọn ló máa yan ojú ìwé. Èyí tí wọn ò bá fẹ́, mi ò gbọdọ̀ fi kámẹ́rà kàn án, pàápàá èyí tí wọ́n ti ṣi orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì kan kọ. Kò sí báírò. Mo sì máa sanwó fún ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bi mí ní iye tí mo ra Thor, mo sọ ọ́, wọ́n ní kí n ṣírò rẹ̀ ní náírà. Mo ṣírò rẹ̀. Wọ́n ní tàwọn ò gbọdọ̀ dín sí ìyẹn.

A ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dá wa dúró báyìí ni orí onígbàjámọ̀ kan tí etí ọ̀tún rẹ̀ tóbi ju tòsì lọ, wọ́n ti pa á rẹ́, wọ́n tún un yà, wọ́n tún un pa rẹ́, bébà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu níbẹ̀. Èmi fẹ́ ẹ gan-an. Wọ́n ní láéláé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbà Owé, ìyẹn àwa ará Kàbbà, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọ̀la, torí ọ̀la la tún máa jókòó sórí ọ̀rọ̀ náà.