Ọkọ̀ Tó Wà Lẹ́yìn Bàbá: Bí A Ṣe Ń Fi Ọkọ̀ Ológun Mọ Ọdún Àwòrán Àtijọ́

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde fún àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó jọ dàgbà, nìyí, lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Ojúde Ọba. Mo tún un kọ síbí nítorí àwọn tí kò ráàyè wá.

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó.

Àwòrán tí mo gbé dání yìí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Etí rẹ̀ ti ká kò, kòkòrò ti jẹ igun kan. Ọkùnrin kan gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé bọ́mpà ọkọ̀, ó gẹ fìlà ológun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé bàbá wa àgbà ni, ní Bọ́mà, nígbà ogun Hítílà. Nígbà tí ìyá wa àgbà kú, èmi ni mo gbé àwòrán náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé, èmi náà ni mo ní kí wọ́n kọ "Bọ́mà, 1944" sábẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ètò ìsìnkú. 300 ẹ̀dà la tẹ̀, a sì pín in tán.

Lọ́dún kejì, mo gbé ọkọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àgbàlagbà kan nítòsí Gáréèjì Ìbàdàn. Ìwé ètò yẹn wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Bàbá náà mú un, ó tẹjú mọ́ àwòrán. Kò wo ojú ọkùnrin yẹn rárá, ọkọ̀ ló ń wò. Ó ní: "Ọmọ mi, Láńdì Rófà nìyí. Ta ló rí Láńdì Rófà gùn nígbà ogun Hítílà?"

Kò sẹ́ni tó rí i gùn. Oṣù kẹrin ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé Land Rover síta fún aráyé rí, níbi àfihàn ọkọ̀ ní ìlú Amsterdam. Ogun ti parí láti 1945. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè fojú fo ọkọ̀ nínú àwòrán mọ́. Ojú èèyàn ń jọra, pàápàá láàárín ẹbí. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn àwòrán lè jẹ́ èyí tí ọmọ kọ lẹ́yìn ogún ọdún. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ní ọdún tó jáde ní ilé iṣẹ́, kò sì lè wà nínú àwòrán tí wọ́n yà ṣáájú ọdún yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ti orí jíìpù bẹ̀rẹ̀, torí gbogbo wa la rò pé a mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ méjì ló ṣe jíìpù ogun náà jù, Willys àti Ford, àpapọ̀ rẹ̀ sì lé ní 600,000. Ẹ wo irin tó bo rédíétọ̀ níwájú, kí ẹ ka àwọn ihò gbọọrọ tó wà láàárín iná méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ mẹ́sàn-án, jíìpù ogun ni. Bí ó bá jẹ́ méje, ti ẹ̀yìn ogun ni, irú èyí tí Willys bẹ̀rẹ̀ sí í tà fún ará ìlú láti 1945. Àwọn tí Willys kọ́kọ́ ṣe kò ní ihò báyìí: ọ̀pá irin ni wọ́n jó pọ̀ síwájú wọn, bíi bọ́gúlárì ojú fèrèsé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí "bọ́gúlárì", àwọn jíìpù àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ tún lè mọ ti Willys yàtọ̀ sí ti Ford. Ẹ wo ìsàlẹ̀, níwájú rédíétọ̀, níbi tí irin kan ti dábùú láti fírémù kan dé èkejì. Ti Willys rí roboto bíi páìpù omi, ti Ford ní igun. Mo ti lo wákàtí kan gbáko pẹ̀lú awò lórí irin yẹn nínú àwòrán kan tí ìyá kan gbé wá láti Ṣágámù, torí òjìji bọ́mpà bò ó. Nígbà tó hàn, páìpù ni. Inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he.

Ọ̀rọ̀ lọ́rì ló sún mọ́ wa jù. Rélùwéè tó ti Èkó lọ Ìbàdàn, Abẹ́òkúta ló gbà, kò gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Lọ́rì ló gbé gàrí wa àti obì wa. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ará Ìkẹ́nnẹ́ pàápàá fọwọ́ kan òwò ọkọ̀, ó sì ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onímọ́tò ṣáájú ogun. Kò yẹ kó ṣòro fún ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ láti dá Bedford mọ̀. Ẹbí bọ̀lẹ̀kájà ni ti ológun náà. Èyí kékeré, MW, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fẹ̀, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, torí pé àyè fún asẹ́ afẹ́fẹ́ ńlá ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn àkọ́kọ́ kò ní ilẹ̀kùn, gíláàsì kékeré méjì ló wà níwájú awakọ̀, tapólíìnì sì lòrùlé. Láti nǹkan bí 1943 ni wọ́n ti ń fún un ní gíláàsì tó gbòòrò. QL ní tirẹ̀ kò ní imú rárá, orí ẹ́ńjìnì ni awakọ̀ jókòó sí. 1941 ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ẹ ṣọ́ra fún àbúrò rẹ̀, RL, tí kò nímú bákan náà: 1953 ló jáde, ó sì ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà.

Èyí tó wù mí jù ni àwọn lọ́rì tí Kánádà ṣe. Ford àti Chevrolet tó wà níbẹ̀ ló jùmọ̀ ṣe wọ́n ní àwòṣe kan náà, wọ́n sì lé ní 400,000. Imú rẹ̀ kúrú bí imú ajá búlúdọ́ọ̀gì. Láti ìparí 1941, gíláàsì iwájú rẹ̀ ń tẹ̀ síwájú lókè, bí ẹni tó dorí kọ́ tó ń wo ilẹ̀, kí oòrùn má baà máa kọ mànà lára rẹ̀. Tó bá ti jẹ́ irú gíláàsì yìí, ẹ wo asẹ́ iwájú, ìyẹn irin tó bo rédíétọ̀: bí àwọn ihò rẹ̀ bá dúró ṣánṣán bí ojú ìwé ìṣirò, Ford ni, bí wọ́n bá dábùú bí àwọ̀n tí wọ́n fà ní igun, Chevrolet ni.

Lẹ́tà ara bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ lẹ́tà kan síwájú nọ́ńbà: L fún lọ́rì ńlá, Z fún èyí kékeré, M fún káà, C fún alùpùpù, A fún ọkọ̀ aláìsàn. Bí lẹ́tà bá kọjú sódì, ẹni tó fọ àwòrán ló dojú fíìmù dé. Ẹ yẹ ìyẹn wò kí ẹ tó sọ pé ọwọ́ òsì ni sítíárìn wà. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ló ní sítíárìn lọ́wọ́ òsì; ti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tún ni, bí ó ti rí nílẹ̀ wa kí a tó yí padà ní 1972. Àwọn lọ́rì ńlá Ítálì, bíi Lancia 3Ro, ọwọ́ ọ̀tún náà ni.

Mo dárúkọ Ítálì torí pé lẹ́nu àwọn àgbà wa, "Bọ́mà" ti gba gbogbo ogun Hítílà mọ́ra. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti bá Ítálì jà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà kí wọ́n tó dé Bọ́mà. Láti Kẹ́ńyà ni wọ́n ti wọ Sòmálíà. Wọ́n wọ Mogadishu ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1941, wọ́n sì dé Jijiga ní ilẹ̀ Etiópíà ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta, ìrìn tó lé ní 700 máìlì, lórí lọ́rì. Bí ẹ bá rí ọ̀wọ́ lọ́rì nínú iyanrìn àti igi ẹlẹ́gùn-ún, tí ọ̀kan lára wọn sì jẹ́ ti Ítálì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀tá, ẹ má kọ Bọ́mà sí i.

Ní Bọ́mà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Orí ni àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ru ẹrù wọn gba àfonífojì Kaladan kọjá. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn. Kí wọ́n tó wọ ibẹ̀, wọ́n fi ṣọ́bìrì àti dígà la ọ̀nà jíìpù tó lé ní 70 máìlì lórí òkè. Àwọn ọkùnrin wa ló la ọ̀nà yẹn, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wọn kò tíì gbọ́ ọ rí. Àmì ẹgbẹ́ ogun wọn, ìyẹn dífíṣọ̀n 81, aláǹtakùn dúdú ni. Ti dífíṣọ̀n 82, ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn ni. Ẹ wá a lára aṣọ, ẹ wá a lára ọkọ̀.

Ó ku àwòrán tèmi. Ẹ̀gbẹ́ Land Rover yẹn yọ bọ́ǹbọ̀ díẹ̀ lábẹ́ fèrèsé. Àwọn ti àkọ́kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, pẹrẹsẹ ni wọ́n, 1958 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é kó yọ bẹ́ẹ̀. Iná rẹ̀ méjèèjì ṣì sún mọ́ra láàárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ asẹ́. Nígbà tó fi máa di 1969, wọ́n ti gbé iná lọ sórí féńdà. Àárín ọdún méjèèjì la wà nìyẹn. Lára ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn itan ọkùnrin náà, lẹ́tà méjì hàn: N àti U. Nígbà tí mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ẹ̀bá O kan yọ níwájú wọn. ONU, orúkọ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lédè Faransé. Kóńgò nìyẹn, níbi tí Nàìjíríà kó ọmọ ogun lọ láàárín 1960 sí 1964.

Bàbá wa àgbà ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun nígbà yẹn, ó ń ta pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àbúrò rẹ̀ ló lọ Kóńgò. Ọmọ àbúrò náà obìnrin, ìyá wa tó ń gbé ní Òdógbolú, kò ní àwòrán bàbá rẹ̀ kankan. Kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí bàbá náà kú. Mo gbé e lọ fún un. Ó dì í mú tìtì. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tó wà lórí bọ́mpà, ó ní: "Báyìí ni ọmọ mi ọkùnrin ṣe máa ń dúró."

Onífọ́tò kan ti fẹ́ bá mi gé ọkọ̀ yẹn kúrò tẹ́lẹ̀, kó lè mú ojú bàbá tóbi. Ká ní mo gbà ni, ọwọ́ wa ni àwòrán ọlọ́wọ̀ ẹlòmíì ì bá wà títí ayé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé etí àwòrán yín. Ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ òǹtẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.

Ti bàbá wa àgbà tó lọ Bọ́mà lóòótọ́, a kò tíì rí àwòrán tirẹ̀. Ẹni tó bá ní àpótí àwọn sójà àtijọ́ nílé, ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè, ẹ bá mi ṣí i. Ọkùnrin gíga ni, ilà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, awakọ̀ sì ni.