Ìlú Ṣí, Kòrónà Ò Lọ

Ẹ rántí ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, ọdún 2020. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni Èkó, Ògùn àti Àbújá ti fi wà lábẹ́ kónílé-ó-gbélé, kí ìjọba tó ní ká máa jáde díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní kí dánfó dín èrò kù, ni owó ọkọ̀ bá fò sókè. Kò pẹ́ kò jìnnà, èèyàn mẹ́rin ti tún há ara wọn mọ́ ìjókòó kan. Ẹ̀yin náà kúkú wà ńbẹ̀.

Ṣé kòrónà ló tán? Rárá o. Àwọn tó ń kó o ṣì ń pọ̀ sí i. Ebi ló ṣílẹ̀kùn.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ àjẹsára àwùjọ gbòde: pé tí ara èèyàn tó pọ̀ bá ti mọ àrùn náà, kò ní ráyè mọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ẹnì kan tó ní irú kòrónà tó kọ́kọ́ jáde lè kó o ran ẹni 3. Tí ara 2 nínú wọn bá ti mọ̀ ọ́n, ẹnì kan ṣoṣo ló máa kó o, àrùn ò sì ní lè gbèrú. 2 nínú 3, ìyẹn nǹkan bíi 67 nínú 100. Èéyi máa ń ran ẹni 12 sí 18 ní tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ kí ọmọ 95 nínú 100 gba abẹ́rẹ́ ẹ̀.

Manaus, ní Bràsíl, ló da ìṣírò yẹn rú. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá 2020, àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé èèyàn bíi 76 nínú 100 ló ti kó kòrónà níbẹ̀. Ó yẹ kó tán. Àmọ́ ní oṣù Kìíní 2021, ọ́síjìn tán nílé ìwòsàn. Àwọn ẹbí aláìsàn ń tò síta láti ra àgbá ọ́síjìn fúnra wọn. Kòrónà ti pàwọ̀ dà bí ọ̀gà, ààbò tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ sì ti ń rọlẹ̀.

Ní tiwa, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ dé ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹta, 2021. Kò pé mílíọ̀nù 4, ẹ̀ẹ̀mejì lẹnì kọ̀ọ̀kan sì máa gbà á, nínú èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 200!

Àjẹsára kòrónà kì í ṣe ọgbà tó ń dènà olè. Olè lè wọlé, àmọ́ ara á ti dá a mọ̀, kò ní tètè rí onílé gbé ṣánlẹ̀.

Ọdún mẹ́ta àti ọjọ́ kan lẹ́yìn tí Èkó ṣílẹ̀kùn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé pàjáwìrì ti parí. Wọn ò sọ pé kòrónà ti lọ.